Oyin Tó Wọ Ṣòkòtò Bọ̀dá Àlùmọ́gàjí

"Ó ti wọlé o! Yéè! Ó ti wọlé!"

Ohùn Bọ̀dá Àlùmọ́gàjí ni, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ibi tí mo ti ń tún bàtà ṣe. Mo gbójú sókè. Ọkùnrin tí òjò ń pa tí kì í sáré, òun ló ń fò láàárín títì yìí, ọwọ́ méjèèjì lókè, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ń jù fìrìfìrì lọ́rùn rẹ̀.

Gìdì! Ó balẹ̀. Gìdì! Ó tún fò.

"Ẹ yọ ọ́! Ẹ bá mi yọ ọ́! Ó fẹ́ ba ayé mi jẹ́!"

Ta ló wọlé? Oyin ni. Oyin kan ṣoṣo, ó gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọlé, ó sì ń gòkè lọ bí ẹni tí wọ́n ń retí lọ́hùn-ún.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ló sáré jáde, ló wọ́ ọ wọnú ṣọ́ọ̀bù, ló ti ilẹ̀kùn gbàà! Òun ló bá a mú oyin náà jáde. Ibi tó ti mú un, ẹ má bi mí.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Olórí ìlú fẹ́ ṣèjọba lẹ́ẹ̀kejì, àwọn oníròyìn sì ti gba ìgboro, wọ́n ní àwọn ń wá ohun tí mẹ̀kúnnù ń rò. Méjì nínú wọn dúró ní títì wa lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ń kọ̀wé fún Ìtura, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Olórí. Èkejì ń kọ̀wé fún Ìpayínkeke, tí í ṣe ti ẹgbẹ́ alátakò. Àwọn méjèèjì ya fọ́tò. Kò sí èyí tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ilẹ̀ mọ́.

Ìtura gbé fọ́tò Bọ̀dá sójú ewé àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Ó TI WỌLÉ! Aránṣọ jó láàárín títì, ó ní Olórí ti wọlé kí wọ́n tó dìbò."

Ìpayínkeke náà gbé e: "Ẹ YỌ Ọ́! Aránṣọ fárígá, ó ní Olórí fẹ́ ba ayé òun jẹ́."

Ẹ̀rín ń pa mí! Fọ́tò kan náà o! Ẹsẹ̀ kan náà lókè!

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Olórí rí Ìpayínkeke lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn, wọ́n wá kó aṣọ wọn. Àwọn alátakò rí Ìtura, àwọn náà wá kó tiwọn. Bàbá kan já kóòtù rẹ̀ gbà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bàbá, ó ku apá kan o!"

"Fi sílẹ̀! Ó sàn kí n wọ alápá kan ju kí ọ̀tá Olórí rán èkejì lọ!"

Ó sì wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, apá kan nínú kóòtù, apá kejì nínú atẹ́gùn.

Ṣọ́ọ̀bù ṣófo. Omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú Bọ̀dá. Ló bá ní òun máa tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ó ránṣẹ́ pe àwọn oníròyìn méjèèjì.

Àṣìṣe ńlá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí," ó ń bẹ̀ wọ́n. "Oyin ni. O-yin! Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Oyin?" Ojú oníròyìn Ìtura ń dán.

"Oyin!"

"Ṣé ó wọ̀ yín lára?" Oníròyìn Ìpayínkeke ló béèrè ìyẹn.

"Wọ̀ mí lára kẹ̀? Mi ò tíì lè jókòó dáadáa títí di ìsinsìnyí!"

Wọ́n kọ ọ́, ṣá-ṣá-ṣá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ilẹ̀ tún mọ́. Ìtura: "OYIN NI ÌJỌBA YÌÍ! Aránṣọ ní adùn rẹ̀ ò jẹ́ kóun lè jókòó." Ìpayínkeke: "OYIN NI ÌJỌBA YÌÍ! Ó ta mẹ̀kúnnù níbi tó fi ń jókòó."

Àánú Bọ̀dá wá ń ṣe mí. Mo lọ bá àwọn tó ń jiyàn nídìí fẹ́ńdọ̀, mo ní oyin gidi ni o, oyin tó ń fò, mo fojú ara mi rí i.

Ọ̀kan wò mí tòkè tilẹ̀. "Ìwé ìròyìn wo lo ti kà á?"

Mo padà sídìí bàtà mi.

Ìgbà tó sú Bọ̀dá, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó kọ ọ́ gbàgàdà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: "MI Ò ṢE TI OLÓRÍ, MI Ò ṢE TI ALÁTAKÒ. OYIN NI!"

Háà! Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìwé ìròyìn méjèèjì tún sọ ohun kan náà: "ẸGBẸ́ OYIN TI DÉ!" Ìtura ní alátakò ló dá a sílẹ̀. Ìpayínkeke ní Olórí ló dá a sílẹ̀.

Kí n tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, èrò ti tò láti ẹnu ọ̀nà Bọ̀dá dé kọ́nà. Ẹlòmíràn gbé àga wá láti ilé.

"Ibí la ti ń forúkọ sílẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Oyin?"

Bọ̀dá gun orí bẹ́ńṣì, iṣan ọrùn rẹ̀ le gbandi. "Ẹ gbọ́ o! Kò sí ẹgbẹ́ kankan!"

"Tó dà bíi tiwa!" Èrò dáhùn. Pàá-pàá-pàá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ máa lọ sílé yín!"

"Ká lọ pe àwọn tó kù wá!" Àwọn kan tiẹ̀ ti ń sáré lọ.

Bọ̀dá bọ́ sílẹ̀, ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù. Ta ló bá nídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ? Ìyá Ìbejì, bírò lọ́wọ́, ó ń kọ orúkọ.

"Ìyá Ìbejì! Ìwọ náà? Ìwọ tó o fi ọwọ́ ara rẹ mú oyin yẹn jáde!"

"Mo mọ̀," ìyàwó rẹ̀ fèsì, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ohun tí wọ́n rò nìyẹn tí wọ́n fi fi mí ṣe alága. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ lọ tò sẹ́yìn."