Idà Oníná Dígímọ̀mí

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ yà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà wa: Dígímọ̀mí, ọkọ dígí mẹ́ta, a-gẹrun-oníbàárà-wojú-ara-rẹ̀. Abẹ lè ha ẹni tó jókòó létí. Irùngbọ̀n ọ̀gá wa ṣáà ti gún régé.

Àwọn ará àdúgbò fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò ṣe ọba. Ó ku ẹni méjì: Dígímọ̀mí àti aránbàtà kan tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Olùdarí eré ní kí àwọn méjèèjì wá búra bí ọba ní Sátidé, kí èrò yan ẹni tó bá wù wọ́n.

"Ojú wọn ni màá kọ́kọ́ fi iná fọ́," Dígímọ̀mí sọ fún dígí àárín.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Rédíò lọ, opó tó jogún irinṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ń tún rédíò ṣe, tó sì mọ̀ ọ́n lò ju olóògbé lọ. Dígímọ̀mí ní òun fẹ́ idà oníke funfun tí iná LED yóò máa tàn nínú rẹ̀, láti èkù títí dé ṣóńṣó.

Ìyá Rédíò da irin agbooru mẹ́ta sórí tábìlì. "Iná kékeré yìí, bó ṣe ń tàn ló ń gbóná. Irin tí a máa fi sínú èkù ló ń gba ooru lára rẹ̀ dà nù. Mú èyí." Èyí tó tọ́ka sí nípọn, eyín rẹ̀ sì tò bíi ti òòyà.

"Òòyà kẹ̀, ìyá? Òòyà ni mò ń dì mú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Ẹ wo bó ṣe máa sọ èkù idà ọba di ọmọ odó."

"Àárín eyín yẹn ni atẹ́gùn ń gbà."

Kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí èyí tó kéré jù, pẹlẹbẹ bí ìdérí ìgò, tó ń dán yanran. Ó gbé e sókè. Ta ló rí nínú rẹ̀? Ara rẹ̀ ni.

"Èyí mọ̀ mí!"

"Ẹyọ iná kan ṣoṣo ni ìyẹn lè gbé."

"Ẹ fi mẹ́ta sí i."

"Ọmọ mi, o máa jóná."

"Ìyá, ọba kì í jóná."

Ìyá Rédíò mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Tan án, ka ogún, pa á. Tó o bá kọjá ogún, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀."

Nígbà tí Dígímọ̀mí gba idà rẹ̀ délé, ó fi àrán pupa we èkù náà ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó tún fi okùn aláwọ̀ wúrà so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun fẹ́ gbé e wò.

Sátidé pé, gbọ̀ngàn kún. Aránbàtà ló kọ́kọ́ dìde. Igi ìgbálẹ̀ ló fi ṣe idà. "Mi ò ní jẹ gàba lé yín lórí. Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi." Ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ níwọ̀nba.

Wọ́n pa iná gbọ̀ngàn. Dígímọ̀mí tan idà. Yéè! Ká má purọ́, ó tàn. Ká ní ó búra tó sì jókòó ni, adé ti di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí òjìji ojú rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀.

"Èmi arẹwà ọba! Èmi ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́! Èmi tí oòrùn ń yá iná lọ́wọ́ mi!"

"Ogún ti pé o!" Ìyá Rédíò ké láti ẹ̀yìn.

"Èmi tí... yé... èmi tí ọ̀tá kò lè gba idà lọ́wọ́ mi... ẹ gbà á! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi!"

Àwọn àgbà ní kí ọmọdé di èkù idà mú kó tó bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Wọn ò sọ fún wa pé èkù náà lè dín èèyàn lọ́wọ́. Ó fò, idà bá a fò. Ó ju ọwọ́, idà ò já. Èrò rò pé ijó ọba ni, wọ́n ń hó, títí òórùn àrán tó ń jó fi dé imú wọn. Aránbàtà ló sáré gun orí ìtàgé, tó fi ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ gé okùn.

Dígímọ̀mí ti bẹ́ sílẹ̀. Garawa omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó ń sọ pé "áà, áà" bí ẹni jẹ oyin.

"Ta lẹ fẹ́?" olùdarí bèèrè.

"Aránbàtà!" Gbọ̀ngàn mì tìtì.

Obìnrin tó ń tún gbọ̀ngàn ṣe wá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú garawa.

"Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ yọ ọwọ́ yín. Omi tí mo fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni."