Wákàtí Kan Tí Chacha Ghazanfar Jí Lójú Oòrùn

Ẹ dúró ná. Ẹni tó bá ti mú dàbínù lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fi sẹ́nu, kó má tíì gbé e mì. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Chacha Ghazanfar fi ojú gbogbo mùsùlùmí àdúgbò wa rí ní Bradford, lọ́dún tí ààwẹ̀ bọ́ sínú oṣù kẹwàá.

Ládàánì ni Chacha. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa nígbà náà. Tàgbà tèwe ló ń pè é ní Chacha, ìyẹn àbúrò bàbá, àfi Zubaida ìyàwó rẹ̀ tó ń pè é ní Bàbá Asma. Ohùn rẹ̀ dùn. Bó bá fa "Allahu Akbar" kan jáde, ìkòkò tó ń hó yeye lórí iná á rọra máa hó.

Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìlú ò gbà ká gbé gbohùngbohùn sórí òrùlé. Wọ́n ní ariwo ni. (Agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òpópónà kejì kì í ṣe ariwo o. Àṣà nìyẹn.) Ìdí rẹ̀ nìyí tí rédíò mọ́ṣáláṣí fi wà nílé ìdáná kọ̀ọ̀kan. Kò ní orin, kò ní ìròyìn, Chacha nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì makirofóònù báyìí, rédíò á ṣe "kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀… pọ́!" nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Chacha kì í rántí pa á.

Nínú ààwẹ̀ ọdún yẹn, ó sùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ makirofóònù lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ogójì ìṣẹ́jú ni Bradford fi ń gbọ́ ìhanrun rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ń ṣe àmín sí i.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Choudhry Liaqat, alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó lọ ra àpótí kan tó ń pe ìrun fúnra rẹ̀, ó gbé e ka orí àga lójú gbogbo wa.

"Chacha, ẹ wò ó. Kì í hanrun."

"Ṣé omi máa ń bọ́ lójú rẹ̀ bó bá dé ibi 'Mo jẹ́rìí'?"

"Mo ní kì í hanrun."

"Ó dáa, mo ti gbọ́."

"Àṣìṣe kan péré sí i kí ọdún tó dé, àpótí yìí ló ni iṣẹ́ yín."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù àpótí ti ń ba Chacha. Kí wọ́n gba ìpè ìrun lọ́wọ́ rẹ̀? Kí wọ́n kúkú mú ahọ́n rẹ̀ lọ, kó yé e.

Ọdún ku ọjọ́ mẹ́rin péré.

Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Wákàtí tí wọ́n mú nígbà tí ooru ń bọ̀, wọ́n á dá a padà bí ẹni ń dá abọ́ aládùúgbò padà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alága fọwọ́ ara rẹ̀ yí aago ògiri mọ́ṣáláṣí. Nínú àwọn ilé ìdáná wa, bóyá mẹ́ta ló rántí. Aago àpò Chacha sì wà bó ṣe wà. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló fi ta á lọ́rẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ, kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Asma, ẹ ò tíì yí aago yín o," Zubaida ké tẹ̀ lé e.

"Aago yìí ò parọ́ fún mi rí," Chacha fèsì. Ó ti bọ́ sójú ọ̀nà.

Huddersfield ló ń lọ. Asma ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bàbá àgbà ló sì gbọ́dọ̀ pe ìrun sí ọmọ náà létí ọ̀tún. Ó pè é. Ohùn tó ń mú ìkòkò rọra hó, ó tú gbogbo rẹ̀ sétí ọmọ ọjọ́ kan. Ọmọ figbe ta títí àwọn ará ilé ọkọ Asma fi rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wọ bọ́ọ̀sì padà. Òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó yọ aago rẹ̀ wò. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mẹ́rin kọjá mẹ́tàdínlógójì sì ni ìwé àkókò ààwẹ̀ sọ pé oòrùn á wọ̀.

Àpótí Alága ló ń rí nínú gíláàsì fèrèsé bọ́ọ̀sì.

Bó ṣe bọ́ sílẹ̀, eré ló bú sí. Gìrì gìrì gìrì gìrì! Bàtà òsì bọ́, kò wẹ̀yìn. Fìlà fò lọ, kò wẹ̀yìn. Ó já wọ mọ́ṣáláṣí. Àwọn èèyàn ti kírun Alaásárì tán, wọ́n ti lọ gbé oúnjẹ ìṣínu wá láti ilé. Bàbá Sarfraz nìkan ló kù, ẹni tó wọ ìtíkáfù, tó ti ń gbé lẹ́yìn aṣọ títa funfun láti ọjọ́ méje, tí kò ní aago, tí kò ní fóònù, tó jẹ́ Ọlọ́run nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Chacha gbójú sókè wo aago ògiri.

Mẹ́ta kọjá mẹ́rìndínlógójì.

"Ẹ wá wò ó," ló ń sọ fún ara rẹ̀, "aago yìí tún ti kú. Ká ní àpótí ló wà níbí báyìí, ṣé ó máa mọ̀?"

Ó fa àga, ó gùn ún. Ó yí aago ògiri síwájú ní wákàtí kan géérégé. Ó sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó tẹ bọ́tìnnì.

Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀… pọ́!

"Allahu Akbar…"

Ẹ̀yin èèyàn mi. Dàbínù wọ ẹnu nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé. Sàmósà ń ró kàṣàkàṣà, omi ń lọ lọ́fun gùlú gùlú gùlú. Àwọn ilé mẹ́ta tó yí aago wọn, tó fi mọ́ ti Alága, wojú aago, wọ́n tẹ́tí sí ohùn Chacha, wọ́n ní aago ló ń purọ́. Ọwọ́ Bàbá Sarfraz yọ jáde lábẹ́ aṣọ funfun, ó mú dàbínù kan, ó padà wọlé bí orí ìjàpá.

Chacha pa makirofóònù. Ó rántí pa á! Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn.

Fóònù rẹ̀ dún. Alága ni, ẹnu rẹ̀ kún fọ́fọ́.

"Chacha, ìpè tòní yìí yàtọ̀. Mo ní kí ìyàwó mi gbọ́ ọ, mo ní, pẹ̀lú irú ohùn yìí, kí la fẹ́ fi àpótí ṣe? Lọ́la ni mò ń dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi."

"Kí Ọlọ́run bù sí i fún yín, Choudhry sahib."

Ó ń nu omijé ayọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Doreen wọlé.

Opó Gẹ̀ẹ́sì ni Doreen, ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gbé ilé tó fara ti ti Chacha, Gaz ló sì máa ń pè é. Tí ààwẹ̀ bá ti dé, Zubaida á máa fi àwo sàmósà ránṣẹ́ sí i bí wọ́n bá ti fẹ́ ṣínu. Ìyẹn ló fi lẹ ìwé àkókò ààwẹ̀ mọ́ ara fíríìjì rẹ̀, kó lè mọ ìgbà tí òun á gbé omi tíì kaná. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Àwo sàmósà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gaz, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Sàmósà ti dé, omi mi ò tíì hó."

"O ò tètè gbé e kaná ni."

"Èmi? Lọ́gbọ̀n ọdún?" Ó fa ìwé náà yọ lápò. "Mẹ́rin kọjá mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n kọ síbí. Mẹ́ta kọjá márùndínláàádọ́ta la wà yìí."

Chacha na aago àpò sí i bí ẹni na ìwé ẹ̀rí sí ọlọ́pàá. "Mẹ́rin kọjá márùndínláàádọ́ta."

"Ṣé o dá wákàtí wa padà láàárọ̀?"

"Wákàtí wo?"

"Aago ògiri yín ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe tán ni."

Doreen wo àga tó wà lábẹ́ aago. Ó wo Chacha. Ó gbé àwo sílẹ̀.

"Gaz," ló wí jẹ́jẹ́, "jókòó."

Ìgbà yẹn gan-an ni òjò dá. Kùrukùru là sí méjì, oòrùn yọrí, ó gba ojú fèrèsé wọlé wàì, ó sì bà lé imú Chacha.

Bàbá Sarfraz sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn aṣọ funfun. "Ghazanfar, kí lèyí tún ń wá?"

Ẹ dì mí mú, ẹ̀rín ń pa mí.

Chacha pe Lèmọ́mù Idrees lórí fóònù. Lèmọ́mù gbọ́ ọ tán.

"Kí kálukú ṣíwọ́ ní báyìí," ló ní, "ká gba ọjọ́ kan dípò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Èmi náà wà nínú ẹ̀."

"Èyí tó wà lẹ́nu wọn ńkọ́?"

"Kí wọ́n tu ú."

Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀… pọ́!

Gbogbo ilé tẹ́tí. Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́.

"Ẹ̀yin ará. Ghazanfar ni o. Ẹ… ẹ jọ̀ọ́, ẹ tu ú."

PÚÀ!

Bradford tu ú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn gbàgà ní Leeds.

Alága dé kó tó rọlẹ̀. Itan adìẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àpótí wà lábẹ́ abíyá òsì.

"Aago tí mo fọwọ́ ara mi yí, ẹ gun àga lọ tún un yí?"

"Mo rò pé ó kú ni."

"Iṣẹ́ yín ló kú."

Ó ki wáyà àpótí bọ ògiri, ó tẹ mẹ́rin kọjá mẹ́tàdínlógójì sí i lára, ó gbé makirofóònù síwájú rẹ̀. Chacha lọ jókòó nídìí bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Doreen. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dé, òun náà ló ń wò.

"Ohùn rẹ ni mo máa ń gbọ́ láti ara ògiri Zubaida," Doreen ní. "Mi ò fẹ́ ti àpótí."

Chacha fi bàtà kan ṣoṣo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Doreen.

Mọ́ṣáláṣí kún. Kálukú di dàbínù mú, ẹnikẹ́ni ò mira. Nígbà tó tó àkókò, kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀… pọ́! Àpótí lanu. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi yìnyín, kò wúkọ́, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Alága ń mi orí. Dàbínù ti kan ètè.

Ni àpótí bá ní, "Ìrun sàn ju oorun lọ."

Dàbínù dúró lófuurufú.

Ẹ mọ̀ pé inú ìpè àsùbáà nìkan la ti ń sọ èyí, ìpè tí a fi ń di ẹnu, kì í ṣe èyí tí a fi ń ṣínu. Iye aago ni Alága sọ fún àpótí, kò sọ fún un pé ìrọ̀lẹ́ ni. Àpótí fúnra rẹ̀ yan àárọ̀.

"Ṣé ká jẹ ni, àbí ká ṣíwọ́?"

"Ó ní ìrun sàn ju oorun lọ."

"Ta ló ń sùn?"

"Alága, ẹ bi í wò."

"Ìrun sàn ju oorun lọ," àpótí tún un sọ, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé, àwọn tó ti tu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan di dàbínù mú, wọ́n ń wojú ara wọn. Ebi ń han wọ́n léèmọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé e jẹ.

Doreen dìde lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ìwé rẹ̀. Ó rìn lọ sídìí makirofóònù láìwọ bàtà, ó ti àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Oòrùn ti wọ̀," ló sọ. "Mo sì ti gbé omi mi kaná. Ẹ jẹun."

Bradford jẹun.

Títí dòní, Chacha náà ni ládàánì wa. Àpótí ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Àdéhùn kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ bá a ṣe: kó tó tẹ bọ́tìnnì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kó kọ́kọ́ pe Doreen lórí fóònù. Bí Doreen bá ti wo aago rẹ̀, tó ní "Gaz, ó yá," kò sí ohun tó kù mọ́.

Nǹkan kan ló wà níbẹ̀. Àná ni Doreen lọ gba ìsinmi ní Spain, aago tibẹ̀ sì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Chacha ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán báyìí ni. Ẹ ò gbọ́ kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀ yẹn?

Ẹ dákun, ẹ gbé dàbínù yẹn sílẹ̀.