Ìdákọ̀ró Alàgbà Adétimẹ́hìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà etí omi fi ń pa òwe pé ẹni tó so ìdákọ̀ró mọ́ ìdí ọkọ̀, inú omi ni yóò ti kí ará ìlú? Ẹ súnmọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn.

Ní Èbúté Ẹlẹ́ja, Baba Ọlọ́kọ̀, olórí gbogbo ọlọ́kọ̀ ojú omi, kú, oyè ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ rẹ̀ ró sí iwájú èbúté, kí ó kí ará ìlú láti inú rẹ̀, látorí ọba dórí ẹni tó kẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ fo ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ dánu dúró. Lẹ́yìn náà, kí ìdákọ̀ró rẹ̀ tún wọ inú ọkọ̀, kí òun náà sì gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ. Ìyẹn nìkan ni. Àwọn apẹja tí kò mọ̀wé ti ṣe é láìmọye ìgbà.

Alàgbà Adétimẹ́hìn fẹ́ oyè yìí ju oúnjẹ lọ. Kò wa ọkọ̀ rí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tuntun ló rà, ó gba Orímìsàn ṣe atukọ̀, ó sì ní kí wọ́n ya àwòrán òun sí imú ọkọ̀. Ayàwòrán fún un ní eyín tó pọ̀ ju èyí tó ní lọ.

Lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ojú ọ̀sà wá sí èbúté. Orímìsàn rọra sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ láti imú ọkọ̀, ó tú okùn gígùn sílẹ̀ títí ìdákọ̀ró fi di ẹrẹ̀ mú, ọkọ̀ sì dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a bá dá ró dáadáa, afẹ́fẹ́ ni í kọjú sí. Àwòrán wá ń rẹ́rìn-ín sí agbami. Ẹ́ńjìnnì ni ará ìlú ń wò.

Obìnrin kan tó ń yan ẹja béèrè lọ́wọ́ èkejì rẹ̀ pé ìdí ta nìyẹn. Omi gbé ohùn rẹ̀ dé inú ọkọ̀.

"Yí i padà," ni Adétimẹ́hìn wí.

"Bàbá, imú ni ọkọ̀ fi ń pàdé ìgbì," Orímìsàn dá a lóhùn. "Ìdí ló rẹlẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì wà. Tí a bá so okùn mọ́ ọn, omi á wọlé."

"Ta ló ra ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ta ló fẹ́ joyè?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ó dáa. So ó mọ́ ìdí. Kí o sì dín okùn kù, kí àwòrán mi má máa mì."

Orímìsàn so ó. Ó wá bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi wọ́n kọ́ ọrùn.

Adétimẹ́hìn dìde, ó bẹ̀rẹ̀. Ó kí Kábíyèsí. Ìgbì kan fò wọlé, ó rin ín ní ẹsẹ̀. Ó kí àwọn ìjòyè àti àwọn ìyàwó wọn. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Orímìsàn ń fi korobá gbọ́n ọn, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde. Nígbà tí Bàbá fi dé orí àwọn ìyá ẹlẹ́ja, omi ti dé orúnkún. Kò sì lè dúró, nítorí ẹni tó bá dánu dúró ti pàdánù oyè.

Gbogbo èbúté rí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò já lu ọ̀rọ̀ àgbà? Géńdé méjì ti ọkọ̀ kékeré kan sómi láti lọ gbé e. Olórí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe, àwọn tó kẹ́yìn nínú ìkíni, gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Kò tíì kí wa," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó kí wa ná."

Adétimẹ́hìn fọwọ́ júwe pé kí Orímìsàn fa ìdákọ̀ró, ó sì ń kí àwọn agbẹ́kọ̀ lọ. Orímìsàn fà á títí, ẹrẹ̀ kò tú u sílẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ yọ láti gé okùn. Adétimẹ́hìn mi orí: bí ìdákọ̀ró bá kù sómi, oyè náà kù síbẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì.

"Orí ìdákọ̀ró gan-an ni à á gbé ọkọ̀ lọ ká tó fà á, Bàbá," Orímìsàn bẹ̀ ẹ́. "A kì í sá fún un."

Bàbá kò lè dáhùn, ó ń kí ènìyàn. Ó kàn tún nawọ́.

Ẹ́ńjìnnì bú, ọkọ̀ fò síwájú, okùn le, ìdí ọkọ̀ rì. Imú rẹ̀ dìde gbọnrangandan lójú omi, àwòrán sì kọjú sí ìlú pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò rí i ní Èbúté Ẹlẹ́ja lọ́jọ́ náà.

Adétimẹ́hìn rọ̀ mọ́ ọrùn àwòrán rẹ̀, omi dé àgbọ̀n. Ibẹ̀ ló ti kí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó kí wọn dáadáa, ó tún béèrè àwọn ọmọ.

Ó wá ku bí wọn yóò ṣe dá a lóhùn. Ọ̀kan ní kí wọ́n kí i kú ewu. Wọ́n ní ewu kò tíì kọjá. Òmíràn ní kí wọ́n kí i kú iṣẹ́. Wọ́n jiyàn díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, olórí wọn fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó ké sí i.

"Ẹ kú ìwẹ̀ o, Bàbá."

Lẹ́yìn náà ló dá àjẹ̀ padà fún àwọn géńdé.

Wọ́n gbé òun àti Orímìsàn gúnlẹ̀, omi ń ro lára Adétimẹ́hìn tótótó. Ó dúró níwájú àgbà ìjòyè, ó béèrè bóyá òun fo ẹnì kan.

"O ò fo ẹnikẹ́ni."

"Oyè ńkọ́, Bàbá?" ni Adétimẹ́hìn tún béèrè.

Àgbà náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo àwòrán tó ṣì ń rẹ́rìn-ín lójú omi.

"Oyè wà fún ẹni tó bá gbẹ," ló wí. "Adétimẹ́hìn, ẹni tó so ìdákọ̀ró mọ́ ìdí ọkọ̀, inú omi ni yóò ti kí ará ìlú."