Aṣọ Mọ́gàjí Tó Di Ọmọláńgidi

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà rí pé, "Kí á tó pe aṣọ ní àkísà, ká kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín." Ẹ sì máa ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹnì kan dìde sọ ibi tí òwe náà ti wá, ilẹ̀ ni gbogbo yín yóò máa wò. Ẹ fọkàn balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, n kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí n máa ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kàwé báyìí. Agboolé Olókùúta ni ilé náà ń jẹ́. Mọ́gàjí wọn, ìyẹn olórí ilé, ti wàjà, Bàbá Ajéwọlé ló sì kàn láti joyè. Ó ti pẹ́ tí bàbá yìí ti ń retí oyè náà. Ó ti kọ́ bí mọ́gàjí ṣe ń jókòó. Ó ti kọ́ bí mọ́gàjí ṣe ń wúkọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé nígbà tí ikọ́ gidi ṣe é, kò wúkọ́ dáadáa tó báyẹn.

Oyè ilé Olókùúta kò ní adé, kò ní ọ̀pá àṣẹ. Dàńdógó kan ló ní, ẹ̀wù ńlá tí baba ńlá tó tẹ ilé náà dó wọ̀. Gbogbo ẹni tó joyè lẹ́yìn rẹ̀ náà ló wọ̀ ọ́. Bí ibì kan bá ya, wọ́n á fi àbùlẹ̀ sí i. Bí àbùlẹ̀ bá ya, wọ́n á fi àbùlẹ̀ mìíràn sí àbùlẹ̀, títí kò fi sí ẹni tó mọ èwo ni aṣọ, èwo ni àbùlẹ̀ mọ́. Bí mọ́gàjí kan bá sì kú, wọ́n á rán bọ́tìnnì kan mọ́ àyà ẹ̀wù náà ní ìrántí rẹ̀. Òfin ilé ni pé bọ́tìnnì gbogbo àwọn baba ńlá gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ń joyè nígbà tí wọ́n bá ń fi ewé akòko lé e lórí. Bí ẹyọ kan bá dín, oyè kọjá sí ojúlé kejì nìyẹn. Bàbá Oyèwùmí ló sì wà ní ojúlé kejì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ láti ìkókó ni. Ẹ má dá a lẹ́bi.

Bàbá Ajéwọlé ní ọmọkùnrin kan, Gbádébọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó wálé láti ìlú mìíràn. Wúràọlá ni orúkọ ìyàwó náà, ọmọláńgidi ló sì mọ̀ ọ́n rán. Kì í ra aṣọ tuntun. Ìrépé tí àwọn télọ̀ gbá sẹ́yìn ilé, apá ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, bọ́tìnnì tó já dànù lára ẹni tó jẹun yó jù, gbogbo rẹ̀ ni Wúràọlá ń ṣà jọ. Yóò gé e, yóò rán an bí àpò, yóò ki ẹ̀gbọ̀n òwú sí i nínú, yóò sì fi bọ́tìnnì méjì ṣe ojú. Bó bá parí, ọmọ náà á máa wò ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tí o ṣe lánàá.

Ó ti ṣèlérí ọmọláńgidi fún gbogbo ọmọbìnrin inú agboolé. Ìrépé sì tán nílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìjoyè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Gbádébọ̀ gbé dàńdógó jáde nínú àpótí, ó sá a sórí ògiri kúkúrú lẹ́yìn ilé kí oòrùn lè pa òórùn ara rẹ̀, ó sì gba ọjà lọ. Ibẹ̀ ni Wúràọlá ti rí i: aṣọ oríṣiríṣi àwọ̀ tó ti gbó kanlẹ̀, bọ́tìnnì sì tò sí i láyà bí àgbàdo lára ṣúkù. Ó wòkè, ó dúpẹ́.

Ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan o. Ó ronú pé ó yẹ kí òun béèrè. Bàbá ọkọ rẹ̀ wà nítòsí lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi ikọ́ kọ́ra. Wúràọlá lọ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá."

"Hùn-ùn-hùn!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Kí Ọlọ́run bá wa mú ikọ́ yìí kúrò."

"Kì í ṣe ikọ́," Bàbá Ajéwọlé wí. "Oyè ni."

Ìyàwó ilé wá ronú síwájú. Kí ìyàwó tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ wo ojú bàbá ọkọ rẹ̀, kó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni àkísà tó wà lórí ògiri yẹn?" Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n kọ́ Wúràọlá dáadáa nílé wọn. Ohun tó fa wàhálà nìyẹn. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó gbé aṣọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó sì gé aṣọ mọ́gàjí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo sọ irin náà lórúkọ.

Nígbà tí Ìyá Gbádébọ̀ ti ọjà dé, ògiri ti ṣófo. Àwọn ọmọbìnrin agboolé ń rìn káàkiri, kálukú pọn ọmọ tuntun. Tinúkẹ́ ló kọ́kọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ọmọ ojúlé kan nínú agboolé náà, tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù padà. Ọmọláńgidi ẹ̀yìn rẹ̀ yíjú sí Ìyá Gbádébọ̀. Ojú kan jẹ́ bọ́tìnnì lásán. Ojú kejì jẹ́ bọ́tìnnì idẹ fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí gbogbo ilé mọ̀. Baba ńlá Olókùúta fúnra rẹ̀ ló ń wò ó láti ẹ̀yìn Tinúkẹ́.

Ìyá Gbádébọ̀ ké, ilé pé, Wúràọlá sì balẹ̀ lórí eékún.

"Ta lo bi kí o tó gé e?"

"N kò bi ẹnikẹ́ni, Ìyá mi."

"Kí ló dé tí o kò bi wá?"

"Mo bọ̀wọ̀ fún yín ni, mà."

Ìyá Gbádébọ̀ ká ọwọ́ lérí. Kò sí bí a ṣe ń bá ènìyàn wí nítorí ọ̀wọ̀.

Bàbá Ajéwọlé ní kí wọ́n lọ gba àwọn ọmọláńgidi náà padà kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn, áḿbọ̀sìbọ́sí kó pàṣẹ fún wọn. Tinúkẹ́ yìí, pẹ̀lú àfo eyín rẹ̀, ọkọ Wúràọlá ni. Ìyàwó bá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Ìbàdíàrán mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ọmọ yẹn padà."

"Ìyàwó wa," Tinúkẹ́ wí, "ṣé o fún mi ni, àbí o kò fún mi?"

"Mo fún yín, ọkọ mi."

"Ó dáa. Dìde nílẹ̀, eruku wà níbẹ̀."

Bàbá Ajéwọlé fúnra rẹ̀ bọ́ síta.

"Tinúkẹ́, gbé e wá."

"Bàbá, ó ń sùn ni."

"Jí i!"

"Ẹni tó bá jí i ni yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún o."

Ó fẹ́ já a gbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìyá ilé pariwo pé a kì í já ọmọ gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bàbá Oyèwùmí náà dá sí i, ó ra gúgúrú fún Tinúkẹ́. "Di ọmọ rẹ mú, ìyá mi," ló ń wí. "Ọmọ ò láyọ̀lé." N kò rí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ wẹ́wẹ́ tó bàbá yẹn lọ́sẹ̀ náà.

Àwọn ọmọbìnrin yòókù gbà níkẹyìn. Wọ́n ní àwọn yóò yá Bàbá Ajéwọlé ní ọmọ àwọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú wọn ká. Nítorí náà, lọ́jọ́ oyè, okùn ni wọ́n fi so ọmọláńgidi mọ́ bàbá lára, lọ́rùn, lápá, nídìí, gbogbo wọn ń wo àwùjọ láìṣẹ́jú. Ti Tinúkẹ́ nìkan ló kù, Bàbá Oyèwùmí sì ti wọ ẹ̀wù tuntun wá, a kì í mọ̀.

Ìyá Gbádébọ̀ ló rí ọ̀nà. "Òfin ní kí bọ́tìnnì wà lára rẹ," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Òfin kò ní kí Tinúkẹ́ má sí láàárín. Pọn ọmọ náà."

Tinúkẹ́ gbà, nítorí yóò ríran dáadáa láti òkè. Báyìí ni Bàbá Ajéwọlé ṣe jáde sí gbangba, ọmọláńgidi yí i ká, Tinúkẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Tinúkẹ́ sì wà lẹ́yìn Tinúkẹ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ oyè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn kan kàn lọ sẹ́yìn ilé, wọn kò sì tètè dé.

Bàbá Àgbà Fásọlá ló ń fi ewé lé orí, nítorí òun ló dàgbà jù nínú ilé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ ló fi ń wá orí. Wọ́n ka bọ́tìnnì, ó pé. Ó gbé ewé akòko sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Àsìkò yẹn gan-an ni Tinúkẹ́ rò pé ọmọ òun kò ríran. Ó tú u lẹ́yìn, ó gbé e jókòó sí àtàrí ara rẹ̀. Bàbá Àgbà na ọwọ́ sókè, ó kan orí tó ga jù, ó fi ewé lé e.

"Mọ́gàjí, wàá jẹ ẹ́ pẹ́!"

Bàbá Àgbà dẹtí sílẹ̀ kó gbọ́ àmín.

"Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

"Bàbá," ni Ìyá Gbádébọ̀ wí pẹ̀lẹ́, "orí ọmọláńgidi lẹ fi ewé lé."

"Ṣé bọ́tìnnì pé?"

"Ó pé, sà."

"Ṣé mo ti súre?"

"Ẹ ti súre."

"Ó parí nìyẹn. A kì í fi ewé oyè lé ènìyàn lórí tán ká tún yọ ọ́."

Bàbá Oyèwùmí fò sókè. "Ẹ gbà mí! Ṣé àkísà lẹ fẹ́ kí n máa dọ̀bálẹ̀ fún?"

Bàbá Àgbà yíjú síbi tí ohùn ti wá. "Ìwọ, ta lo bi kí o tó pè é ní àkísà? Ó ní ẹni tó ni ín. Bi í ná."

Gbogbo ojú wòkè. Tinúkẹ́ tún ọmọ rẹ̀ gbé dáadáa.

"Kì í ṣe àkísà," ó wí. "Dúródọlá ló ń jẹ́."

Bàbá Oyèwùmí wo àwọn àgbà yíká. Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Ó ká ẹ̀wù tuntun rẹ̀ sókè, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú iyẹ̀pẹ̀. "Kábíyèsí o, Dúródọlá."

Bàbá Ajéwọlé náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́gàjí wà lẹ́yìn rẹ̀. Adelé ni wọ́n fi òun ṣe. Bí ìpàdé bá sì fẹ́ wáyé nílé Olókùúta, wọ́n á kọ́kọ́ ránṣẹ́ bi Tinúkẹ́ bóyá mọ́gàjí ti jí.

Títí di òní, bí aṣọ bá já bọ́ sílẹ̀ ní agboolé yẹn, bó ti wù kó gbó tó, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ kàn án, ẹnikẹ́ni kì í fi nu tábìlì. Wọ́n á dúró jìnnà díẹ̀, wọ́n á fara balẹ̀ kí i ná, wọ́n á wá yọ ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé ti ta ni. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí á tó pe aṣọ ní àkísà, ká kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín.