Bí Bàbá Gbàǹjo Ṣe Lu Ilé Rẹ̀ ní Gbàǹjo

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ilé yìí fún ẹlòmíì!"

Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti di ẹsẹ̀ Bàbá Gbàǹjo mú ní pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ kejì mú.

Nígbà yẹn, ilé títà wọ́n ládùúgbò wa. Ó wọ́n bí ojú! Ẹni tó bá ní ilé tó fẹ́ tà, ńṣe ló ń yan bí ọba. Bàbá Gbàǹjo sì nìyí, ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ lu ẹrù ẹlẹ́rù ní gbàǹjo kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fún ọkùnrin náà lómi mu. Kí onítọ̀hún tó gbé ife sílẹ̀, owó ilé ti gòkè.

"Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ iye kan ni o!"

"Ìyẹn kí o tó mumi."

Ẹ̀rín ń pa mí! Bó ṣe lé gbogbo àwọn tó fẹ́ rà á lọ nìyẹn. Ó ní kó tún wọ́n sí i díẹ̀.

Àfi gìrìgìrì!

Lọ́rì dé sí òdìkejì títì. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré bẹ̀rẹ̀ sí í ké: wuuu! wuuu! Kí a tó ṣẹ́jú, ilé ti hù níbẹ̀ bí olú. Òrùlé pupa, òrùlé búlúù, òrùlé aláwọ̀ ewé. Ilé pọ̀ débi pé ajá àdúgbò ń ṣìnà lójú ọ̀sán.

Ọmọbìnrin kan gbé gbohùngbohùn sẹ́nu níwájú ibẹ̀: "Ilé rèé o! Ẹ rà á, ẹ gba táǹkì omi lọ́fẹ̀ẹ́!" Nígbà tí táǹkì ò pe èrò tó, wọ́n fi kọ́tìnì kún un.

Kò sẹ́ni tó kan géètì Bàbá Gbàǹjo mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó kàn án, ọ̀nà òdìkejì ló ń béèrè.

Wàhálà wá dé. Ìyàwó bàbá ti rí ilé kékeré kan nítòsí ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ti kó àga, ó ti kó bẹ́ẹ̀dì, ó ti kó ohun gbogbo lọ síbẹ̀. Orí ẹní ni tọkọtaya ń sùn. Ẹni tó ni ilé kékeré yẹn sì ti yarí: bí owó òun ò bá dé di Sátidé, òun á tà á fún ẹlòmíì, òun á sì da ẹrù síta.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dín owó ilé yìí kù."

"Kí n dín kí ni? Èrò ni kò sí. Bí èèyàn bá rí i pé ẹlòmíì ń du nǹkan, òun náà á fẹ́ ẹ. Mo máa lù ú ní gbàǹjo."

"Ta ló máa wá dù ú?"

"Àbúrò rẹ."

Àbúrò ìyàwó yìí, onígbàjámọ̀ ni. Kò ní ju abẹ àti àga ìfárí kan lọ láyé. Ṣùgbọ́n ẹnu ń bẹ!

Bàbá pè é jókòó. "Bí ẹni gidi bá dá iye kan, kí o fi díẹ̀ lé e. Bí mo bá ti fọwọ́ kan etí mi báyìí, kí o panu dé. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé orí wọn rí rogodo!"

Ọjọ́ Ẹtì pé. Bàbá ní kí àwa aládùúgbò wá fi ara kún èrò. A jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ní pálọ̀, a fajú ro bí olówó. Nọ́ọ̀sì kan àti ọkọ rẹ̀ tó ń wa takisí wọlé. Nínú gbogbo wa, àwọn méjèèjì nìkan ló fẹ́ ra ilé.

Bàbá gbé agogo sọ́wọ́ òsì, ó gbé òòlù sọ́wọ́ ọ̀tún. Ojú rẹ̀ tàn bíi ti ọkọ ìyàwó.

Go-go-go-go! "Ilé rèé! Iyàrá mẹ́ta! Ògiri rẹ̀ nípọn ju ọ̀rọ̀ lọ! Ta ló ń dá iye?"

"Mílíọ̀nù mẹ́wàá," nọ́ọ̀sì dáhùn.

Ìyàwó bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Mẹ́jọ péré ni ti ilé kékeré yẹn.

"Mọ́kànlá!" Onígbàjámọ̀ nìyẹn.

"Méjìlá," nọ́ọ̀sì fi lé e.

Ó tó! Ó ti tó! Bàbá fẹ́ fọwọ́ kan etí.

Ọwọ́ wo?

Ó gbé ọwọ́ òsì lọ sí etí. Go-go-go-go-go!

Onígbàjámọ̀ gbọ́ agogo, ó rò pé òun ni wọ́n ń yìn. "Mẹ́tàlá!"

"Mẹ́rìnlá." Nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Bàbá sáré gbé ọwọ́ ọ̀tún. Òòlù bà á létí: kọ́!

"Yéè!"

"Ẹ̀gbọ́n pàápàá ti ń pariwo! Mẹ́rìndínlógún!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣẹ́jú sí i léraléra. Òun náà ṣẹ́jú padà. "Ogún!"

Ọkọ nọ́ọ̀sì dìde, ó yọjú lójú fèrèsé. "Ìyàwó mi, kí la ń jà fún gan-an?"

"Ilé ni."

"Wá wo ilé níta."

Nọ́ọ̀sì wo àwọn ilé tuntun lódìkejì títì. Ó mí kanlẹ̀. Ó bọ onígbàjámọ̀ lọ́wọ́: "Ẹ kú oríire, ọ̀gá. Ilé á tù yín lára." Ni wọ́n bá jáde.



Ṣùgbọ́n ẹnu Bàbá Gbàǹjo kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró láàárín gbàǹjo. "Ogún lẹ́ẹ̀kan! Ogún lẹ́ẹ̀mejì!"

Onígbàjámọ̀ fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lù ú mọ́ mi lórí o! Mi ò rà á mọ́! Ilé yìí ò tiẹ̀ tó ogún. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yín ń ké bí ewúrẹ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá dé egungun. "Ilé tèmi? Ilé tèmi ni kò tó ogún? Mọ́kànlélógún!"

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Mo ní mọ́kànlélógún! Lẹ́ẹ̀kan! Lẹ́ẹ̀mejì!"

GBÀ!

"Ó ti di tèmi!"

Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu bàbá! Látọjọ́ tó ti ń lu gbàǹjo, kò tíì ta ohun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwa náà gbàgbé ara wa, a pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ rìn wá síwájú, ó na àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ kú oríire. Èmi àti ẹ̀yin la jọ kọ́ ilé yìí. Ẹ kó ìdajì tèmi wá. Ọ̀la ni Sátidé."

Bàbá wo òòlù. Ó wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ọmọ tó fọ́ àwo.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o lè máa gbà á díẹ̀díẹ̀?"

 Ìyàwó já agogo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré lọ sójú fèrèsé.

Go-go-go-go-go!

"Nọ́ọ̀sì o! Ẹ padà! Ó ti di mẹ́jọ! Ẹni tó rà á ò rówó san!"