Wolé-wolé Wá Yá Ọmọ Tuntun

Ní Ṣakí ni, lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí Kérésìmesì ọdún 1982 pé. Ọyẹ́ ti bẹ́ ètè gbogbo ènìyàn, ẹ̀rọ omi àdúgbò sì ti ń tú afẹ́fẹ́ dípò omi láti bí oṣù kan. Alàgbà Festus, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì, wọ agbolé aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún Àjíǹde. Ìdì kọ́kọ́rọ́ ń mì nídìí rẹ̀. Ìyá Mọ́nsúrù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, korobá òfìfo wà níwájú rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá Mọ́nsúrù!"

"Ọwọ́ wo, Bàbá Ìyápọ̀? Nínú omi wo?"

"Kíkí ni mo ń kí yín. Àdìjátù ńkọ́? Ara ìyá ọmọ le?"

"Ó le díẹ̀. Ẹ mà tètè dé. Ọjọ́ kẹta rèé, ògiri kan péré ló sì wà láàárín wa."

"Iṣẹ́ Olúwa ni kò jẹ́ kí n ráyè. Èmi ni alága Ìgbìmọ̀ Àánú." Ó fi áńkáṣíìfù nu àpótí kí ó tó jókòó lé e. "Inú rere ni Kérésìmesì, Ìyá Mọ́nsúrù. Kí ẹni tó ní fún ẹni tí kò ní."

"Ṣé omi lẹ gbé wá ni?"

"Rárá o. Ọmọ yìí ni mo wá yá."

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

"Mo wá yá a. Àárọ̀ ọ̀la péré. A fẹ́ kó ṣe Jésù nínú eré wa."

Ìyá Mọ́nsúrù fi ìborùn bo ọmọ náà lójú. "Mùsùlùmí ni wá o."

"Ta ni yóò bi í? Á kàn sùn ni."

"Kí ló ṣe àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

"Wọ́n ti dàgbà jù. Ti Mọ́ládé ló kéré jù, òun náà sì ti hu eyín. Nígbà tí a ń fi eré dánra wò, ó gé Jósẹ́fù jẹ lọ́wọ́. Jósẹ́fù sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú Bíbélì."

"Ẹ lo bèbí rọ́bà."

"A lò ó lésìí. Orí rẹ̀ já, ó yí gbirigbiri lọ sẹ́sẹ̀ àlejò wa láti Ìbàdàn. Àlejò yẹn tún ń bọ̀ lọ́la. Òun ni yóò gbé ọmọ sókè kí wọ́n tó ya fọ́tò. Mo sì ti dìde láàárín ìjọ, mo ti fọ́nnu pé èmi ni n óò wá ọmọ gidi. Bí mo bá dé ọ̀hún lọ́wọ́ òfo, mo gbé."

"Ọmọ yìí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Kò tíì lórúkọ. A kì í gbé irú rẹ̀ jáde, ká má tiẹ̀ wá sọ nínú ọyẹ́."

"Ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù gan-an ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀!"

"Ta ló gbé òun jáde?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e jáde. Àwọn darandaran ló wá kí i níbi tí ìyá rẹ̀ bí i sí."

"Ẹ ò rí i? Àwọn darandaran mọ àṣà. Kí ṣọ́ọ̀ṣì yín náà máa bọ̀ lọ́la. N óò tẹ́ ẹní."

Alàgbà Festus wo àgbàlá yíká. Ewúrẹ́ méjì àti àgbò kan ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó jọ eré náà ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

"Igba ènìyàn kò lè gba ibí."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bí Jésù yín, ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀n?"

"Ta ló pọnmi? Ta ló gbé omi gbígbóná fún ìyá rẹ̀?"

"Bíbélì kò sọ ìyẹn."

"Ọkùnrin ló kọ ọ́ nìyẹn."

"Ó ní wọ́n fi ọ̀já wé e."

"Láìwẹ̀? Bàbá Ìyápọ̀, omi kò kan ara ọmọ yìí láti àná. Kò sùn, ìyá rẹ̀ kò sùn, èmi náà kò sùn. Mo gbé korobá wá sídìí kànga yín lánàá, àgádágodo ló kí mi káàbọ̀."

"Ẹ ò bá kan ilẹ̀kùn."

"Mo kàn án. Ẹ jáde, ẹ wo korobá mi nínú, ẹ wò ó nídìí, ẹ ní ó dọ̀tí, kí n lọ fọ̀ ọ́ ná."

"Ó dọ̀tí lóòótọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe wolé-wolé, mo mọ korobá."

"Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́?"

"Omi."

"Omi dà?"

Alàgbà tún ìjókòó ṣe. "Ìgbìmọ̀ Àánú yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ omi bí ọdún tuntun bá dé. Ìrẹsì ni a fọwọ́ sí fún oṣù yìí. Ife méjì ni tiyín, orúkọ yín ló ṣe ìkejì nínú ìwé."

"Ẹ ṣeun. Kí ni n óò fi sè é?"

Ewúrẹ́ kan ké. Alàgbà ń fi ọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí.

"Nínú eré ọ̀hún," ni Ìyá Mọ́nsúrù wí, "ipa ta lẹ̀yin ń kó?"

Orí Alàgbà wú. "Èmi ni onílé èrò! Jósẹ́fù àti aboyún rẹ̀ á dé, á ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Èmi á yọ sí wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mi, n óò ní: 'Kò sí àyè!' Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní òun kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi. Ó ní òun kò kọ́ mi rárá."

"Mo gbà á gbọ́."

"Lẹ́yìn náà ni n óò bọ́ aṣọ eré, tí n óò sọ̀rọ̀ lórí inú rere."

"Ẹ̀yin kan náà?"

"Èmi kan náà."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín." Ó gbé ọmọ náà sún mọ́ imú Alàgbà. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò. Ṣé èyí ni àlejò Ìbàdàn yóò gbé sókè?"

Alàgbà gbóòórùn rẹ̀. Òun ti fẹ̀yìntì, imú rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìntì. Ó ta sẹ́yìn. "Rárá o! Ó gbọ́dọ̀ wẹ̀!"

"Ẹ lọ pọnmi wá nígbà náà, ká jọ sọ̀rọ̀."

Alàgbà gbé korobá, ó gba ẹ̀yìn ògiri lọ. Ó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Omi rèé."

"Ẹ kú iṣẹ́. Èyí la ó fi fọ korobá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ̀ ọ́."

Ó lọ, ó bọ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Ti ìyá ọmọ ni. Omi gbígbóná tirẹ̀ kì í kéré."

Ó lọ, ó bọ̀. "Èyí?"

"Èyí la ó fi fọ ọmọ pẹ̀lú ọṣẹ."

"Èyí?"

"Èyí la ó fi ṣàn án."

"Ìyá Mọ́nsúrù, èyí ńkọ́?"

"Ti aṣọ ìtẹ́dìí rẹ̀ ni. Àbí aṣọ ìgbẹ́ lẹ fẹ́ fi wé Jésù?"

Nígbà tí yóò fi pọn ẹ̀kẹfà dé, bùbá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Títì àti ṣíṣí ti sú u, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àgádágodo. Láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn obìnrin kan ta sókè: "Ẹ wá wo Alàgbà o! Ó ń pọnmi fún abiyamọ! Ó ti ṣí kànga!" Alàgbà juwọ́ síbẹ̀ bí ẹni tó ti pinnu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ìyá Mọ́nsúrù fi kànìnkànìn fọ ọmọ náà, ó ṣàn án, ó jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi òrí pa á. Ọmọ náà yán, oorun gbé e lọ. Nínú yàrá, Àdìjátù ti ń hanrun.

"Áà!" Alàgbà tẹjú mọ́ ọmọ náà. "Ó mà lẹ́wà o. Ẹ bá mi wé e dáadáa. Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la ni n óò wá gbé e."

"Gbé ta?"

"Ọmọ náà!"

"Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ? Kì í jáde."

"Ṣebí ẹ ní kí n lọ pọnmi wá!"

"Mo ní ẹ pọnmi wá, ká jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà la ń sọ yìí."

Alàgbà fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Kò sí kọ́kọ́rọ́. Ó sáré na ọrùn wo òdìkejì ògiri. Korobá ti tò láti ẹnu kànga rẹ̀ dé títì, àwọn mìíràn kò tíì fojú kan omi láti ọdún Iléyá.

"Ẹ wo korobá! Ẹ wo ìdọ̀tí!" Ó gbé ọwọ́ sókè láti pariwo, àmọ́ ọwọ́ náà dúró lókè. "Wọ́n ń dárúkọ mi. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi."

"Ẹ ṣe àmín."

"Àmín," ni Alàgbà wí, bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó tún jókòó, kò rántí nu àpótí mọ́. "Ìyá Mọ́nsúrù, igba ènìyàn ló ń retí ọmọ lọ́wọ́ mi lọ́la. Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

Ìyá Mọ́nsúrù ti gbé ọmọ dìde, ó ń wọlé lọ.

"Èyí tí olùkọ́ yín kò kọ́ yín yẹn ni kẹ́ ẹ sọ: kò sí àyè."