Ihò Mẹ́fà Nínú Ọkọ̀ Ìyá Fusae

Òjò ọjọ́ yẹn pọ̀ débi pé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ gan-an ń wá ibi tí wọn ó sá sí. Ìyá Fusae dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkọ̀ onígi tí bàbá ọkọ rẹ̀ so mọ́ etí òrùlé nítorí ọjọ́ tí odò Nagara bá bínú. Kazunari, ọkọ ọmọ rẹ̀, ń wo ọkọ̀ náà pẹ̀lú, bí olè ṣe ń wo ọlọ́pàá.

"Kazunari, sọ ọkọ̀ kalẹ̀."

"Ìyá, fóònù ní òjò máa dá láago méjì."

"Àwọn èèrà ti ń gbé ẹyin wọn gun òpó láti àárọ̀."

"Èèrà ò ní fóònù, mà."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe ráyè wo ilẹ̀." Ó na etí sọ́nà odò. "Ohùn odò ti yí padà. Òkúta ló ń yí nísàlẹ̀ yẹn. Genzō aládùúgbò wa ò lè rìn, inú kòtò nilé ẹ̀ sì wà. Á ti jókòó sórí tábìlì báyìí, á máa retí ọkọ̀ wa."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé wọn pọ̀n."

"Ìwọ tí àpò ìrẹsì kan dá dùbúlẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta? Sọ ọkọ̀ kalẹ̀."

"Okùn ẹ̀ ti gbó, mà."

"Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀ lóṣù tó kọjá."

"Ẹyẹ lè ti yé sínú ẹ̀."

"A ó gbé ẹyẹ náà dání."

Omi ti dé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Bàtà Kazunari kan léfòó kọjá níwájú wọn, ó kọjú sódò. Kazunari wò ó títí, ó wá kúnlẹ̀.

"Ìyá, mo dá ihò sí ọkọ̀ yẹn."

"Mélòó?"

"Mẹ́fà."

"Torí kí ni?"

"Kómi lè máa jáde. Òdòdó ni mo fẹ́ gbìn sínú ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ lọ kí àbúrò yín, mi ò fẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀ jẹrà. Sayoko ọmọ yín sì ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ bàbá bàbá òun. Ẹ̀rù bà mí, mo bá so ó padà."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ìdí ọkọ̀ yẹn. Mi ò rí ihò kankan."

"Bébà ni mo lẹ̀ mọ́ ọn, mà. Mo kùn ún láwọ̀ igi."

Ìyá Fusae mí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ mọ́. Àfi pé ihò ò mọ̀ pé jíjáde nìkan lo rán omi. Gun òkìtì òkúta lọ sínú àká, kó o kó dáíkọ̀n mẹ́fà wá nínú àgbá. Àwọn tó sanra."

Kazunari yínmú. Gbòǹgbò funfun yìí, tí Ìyá ń fi sínú iyọ̀ títí á fi máa rùn bí ìbọ̀sẹ̀ arìnrìnàjò, ọdún mẹ́jọ ló ti ń kọ̀ ọ́ nídìí oúnjẹ.

"Ìyá, ṣé àsìkò oúnjẹ rèé?"

"Ihò lo máa fi bọ́. Tó bá mumi, á wú."

Wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi òòlù gbá àwọn dáíkọ̀n náà wọ inú ihò. Ọkọ̀ léfòó. Wọ́n bá Bàbá Genzō lórí tábìlì pẹ̀lú agboòrùn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Bàbá fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ́ lọ síbi dáíkọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ ìyẹn," ni Kazunari wí, ó di ọwọ́ náà mú. Fóònù dún lápò rẹ̀. "Ìyá, ó ní òjò ti dá."

"Sọ fún un kó wá bá wa gbọ́n omi."

Wọ́n gúnlẹ̀ sẹ́bàá àká. Kazunari rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí Sayoko má gbọ́."

"Kò ní gbọ́ lẹ́nu mi."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣeun gan-an."

Ìyá Fusae wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. "Tómi bá ti fà, yọ wọ́n, kó o fọ̀ wọ́n dáadáa. O máa jẹ wọ́n ni o, ihò kan lójúmọ́."